Ibi Tí Gìtá Àjàní Ti Dákẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará Ìtòkú, ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà mọ́sáláṣí láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ìbéèrè yín ni mo gbọ́. Ìyá Sìkírá fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹja tí iná ò kàn. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa fẹ́ mọ̀ bóyá mo ríbi kírun. Bàbá Múrí, àbúrò ọkọ mi, kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè òtútù. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi mí láràárọ̀: "Ìyá Wàsíù, ṣé ó ń bọ̀ àbí kò bọ̀?" Mo ní kó jẹ́ kí n ro ohun tí mo rí ná. Mo ti rò ó, mo tún un rò, kò tò. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe Ràfíátù, ọmọ ọmọ mi, pé kó mú bírò wá. Èmi ò lọ iléèwé. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kó máa kọ ọ́. Bóyá tí wọ́n bá kà á fún yín, ẹ̀yin á rí ohun tí èmi ò rí níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ilé wa, Wàsíù Àjàní ni àkọ́bí mi. Alhaji Làmídì Àlàó ni bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ańkárá ni Alhaji ń tà, àdìrẹ ni èmi ń ṣe, inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la wà. A rò pé Wàsíù ni yóò jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń tẹ̀lé bàbá kan tó ń ta gìtá ní òtẹ́ẹ̀lì kan lápá Ìbàrà. Bó bá délé, á wọ yàrá rẹ̀, yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ máa ń há, á ti ilẹ̀kùn, a óò máa gbọ́ tíń, tíń, tíń títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tó lọ sí Èkó láti máa ta gìtá fún àwọn oníjùjú, bàbá rẹ̀ bínú. Nígbà tó fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Họ́láńdì láti lọ kọ́ irú orin kan tí wọ́n ń pè ní jáàsì, bàbá rẹ̀ ò bínú mọ́. Ó kàn dákẹ́ ni. Bí Wàsíù bá pè wá, èmi á gbé fóònù sí Alhaji létí. Ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọ nínú ẹ̀: "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Alhaji ò ní pa fóònù, kò sì ní dáhùn. Á gbé e sétí báyìí, á máa wo ògiri. Tó bá ṣe díẹ̀, èmi á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, màá ní, "Àjàní, ṣé o ti jẹun?" Bó ṣe ń rí nìyẹn títí Alhaji fi kú.

Wàsíù ò wá sí ìsìnkú. Kò wá sí fìdáù. "Mo ń bọ̀, Màámi," ohun tó ń sọ nìyẹn. Nígbà tó pẹ́, ó wá ní kí èmi máa bọ̀ ná. Bàbá Múrí pe gbogbo ẹbí jọ, ó ní, "Ìyá Wàsíù, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má padà sílé láìmú ọ̀rọ̀ kan bọ̀. Kó wá dúró níbi sàréè bàbá rẹ̀ kó ṣàdúà, tàbí kó sọ pé òun ò wá mọ́ láéláé, ká mọ̀ pé a ò ní ọmọ níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni mo bá lọ. Gààrí, ìrẹsì Ọ̀fàdà àti àdìrẹ díẹ̀ ni ìyókù ẹrù mi.

Ìlú tó ni aṣọ

Ẹ̀yin aláṣọ, gbogbo wa la mọ Họ́láńdì. Orúkọ aṣọ ni lẹ́nu wa. Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá ìyá mi ti ń ká Họ́láńdì sínú àpótí, tí kì í mú un jáde àfi ọjọ́ ọdún. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é, tọmọdé tàgbà wọn ni yóò máa wọ̀ ọ́. Mo mú èyí tó dáa jù nínú tèmi, mo ró o, kí wọ́n má baà wò wá tìyanu-tìyanu.

Nígbà tí mo jáde sáàárín èrò ní pápákọ̀ òfuurufú wọn, mo wò yí ká. Dúdú ni wọ́n wọ̀. Dúdú, aláwọ̀ eérú, dúdú, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi òkú èèyàn ńlá kan bọ̀. Èmi nìkan ni mo wọ Họ́láńdì ní Họ́láńdì. Obìnrin kan fọwọ́ kan etí ìró mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ wọkọ̀ òfuurufú ló túmọ̀ ẹ̀ fún mi: ó ní obìnrin náà ń béèrè pé ìlú wo ni wọ́n ti ń ṣe irú aṣọ rèǹtè-rente yìí. Mo fọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀ tí a dúró lé. Kò yé e. Kò yé èmi náà.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Wàsíù. Irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun. Ọmọ tí mo fi omi gbígbóná wẹ̀ fún, irun funfun. Ó dé iwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èrò, kò wo ẹrù tí àwọn èèyàn ń tì kọjá. Òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ yẹ́lò sáré dé, ó rò pé àìsàn ló gbé e ṣubú. Wàsíù wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń bá ọkùnrin náà sọ òyìnbó, èmi ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo ń ní, "Wàá dàgbà, Àjàní, wàá dògbó." Àfi bí mo ṣe tún wo orí rẹ̀. Àgbà ti dé síbẹ̀ kí n tó wúre. Ọkùnrin yẹn ò sì lọ, ó dúró tì wá títí Wàsíù fi dìde tó gbọn ẹ̀wù rẹ̀.

Rọ́tádáàmù ni orúkọ ìlú tó ń gbé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi tí mo ti ń gun òkè sọ̀kalẹ̀ láàárín àpáta láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò rí òkúta kan tí èèyàn lè fi ẹ̀yìn tì. Omi ló wà níbi gbogbo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lẹ́yìn ilé. Wàsíù ní òkun wọn ga ju ilẹ̀ wọn lọ.

Mo ní, "Kí ló wá dá a dúró?"

Ó ní, "Àwọn ni wọ́n dá a dúró, Màámi."

"Ṣé wọ́n ń sùn ṣá?"

"Wọ́n ń sùn dáadáa."

Òjò ń rọ̀, òjò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í dá, tí kì í sì í pọ̀ tó èyí tí èèyàn ń sá fún.

Fèrèsé tí kò ní kọ́tìnì

Àtẹ̀gùn ilé wọn dà bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri. Wàsíù wà lẹ́yìn mi, ó ń fọwọ́ tì mí nídìí gòkè bí àpò ìrẹsì. Nígbà tí mo dé òkè tí mo mí, mo lọ sí ojú fèrèsé. Fèrèsé ńlá, gíláàsì pátá, kò sí kọ́tìnì kankan. Mo wo ọ̀ọ́kán, mo rí ìdílé kan tí wọ́n ń jẹun. Mo rí ohun tó wà nínú àwo wọn. Ìyá wọn gbójú sókè, ó rí mi, ó juwọ́ sí mi. Ó ń jẹun lọ. Nílé wa, bí ẹnì kan bá rí ẹ níbi tó o ti ń jẹun, wàá ní kó wá bá ẹ jẹ ẹ́. Mo dúró díẹ̀ bóyá á pè mí. Kò pè mí.

Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ń jẹ́ Máríkè. Òun àti Wàsíù ni wọ́n jọ ń ṣe orin. Gìtá tirẹ̀ ga jù ú lọ, ó tóbi bíi kọ́ńbọ́ọ̀dù, ó máa ń gbá a mọ́ra ni bí ẹni ń gbá ọkọ mọ́ra, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pe orúkọ mi gan-an: "Sàkírátù."

Mo yíjú sí Wàsíù. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ̀ ni mo jọ?"

"Wọ́n ń fi yẹ́ yín sí ni, Màámi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn."

"Orúkọ tí bàbá mi nìkan ń pè?"

Wàsíù bá a sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní "Màámi Sàkírátù". Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ṣe wá lálejò nísàlẹ̀, ó gbé kọfí wá, ó ṣí agolo bisikíìtì, mo mú ẹyọ kan, ó pa agolo dé, ó gbé e padà. Mo rò pé mo ti ṣe ohun tí kò dáa. Wàsíù ní rárá, ẹyọ kan ni. Mo ní bí ó bá wù mí kí n jẹ méjì ńkọ́? Ó ní kí n mu kọfí míì, agolo á tún jáde. Òótọ́ ni, ó jáde.

Nígbà tó di ọjọ́ ìbí Máríkè, wọ́n to àga yí pálọ̀ ká, a jókòó bí ẹni ń dúró de dókítà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bọ gbogbo wa lọ́wọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ń kí mi kú oríire. Mo ní kí Wàsíù bá mi ṣàlàyé fún wọn pé èmi kọ́ ni mo bí i. Ó ní wọ́n mọ̀, gbogbo ẹni tó bá jókòó nínú ilé ni wọ́n ń kí. Ní tèyí, mo gbà fún wọn. Ó dùn mọ́ mi nínú. Bí ayọ̀ bá wọlé, kó kan ẹni tó wà níbẹ̀.

Ìyá Sìkírá, òótọ́ ni ẹja yẹn. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n di ìrù ẹja mú, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọ̀fun. Mi ò jẹ ẹ́. Búrẹ́dì tútù ni wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án, wàràkàṣì ló wà láàárín rẹ̀, wọ́n á sì ní àwọn ti jẹun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo ríbi kírun. Mọ́sáláṣí àwọn ará Mòrókò wà lẹ́yìn ilé, àwọn obìnrin ibẹ̀ dì mọ́ mi, wọ́n ń fún mi ní tíì tó dùn bí oyin. A ò gbọ́ èdè ara wa, àfi bí a bá dé Fátíà.

Iṣẹ́ rẹ̀

Mo fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe, kí n lè rí nǹkan sọ fún yín. Bó bá jí, á jókòó ti tábìlì, á máa kán tóótòòtó dúdú sórí ìlà, ó ní orin lòun ń kọ. Nígbà míì, á jókòó títí ọ̀sán, tóótòòtó mẹ́ta péré ló máa wà níbẹ̀, á tún pa méjì rẹ́. Àwọn ọjọ́ kan, á lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní gìtá. Àwọn ọjọ́ míì, òun, Máríkè àti ọmọ Sùrínámù kan tó ń lu ìlù á kó ẹrù wọ réluwéè lọ sí ìlú míì, wọ́n á ta orin, wọ́n á padà. Wọ́n ti pè é dé ilẹ̀ Faransé, wọ́n ti pè é dé Jápáànù. Fọ́tò rẹ̀ wà lára páálí àwo orin, ó ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Ta ni ọ̀gá ẹ níbi iṣẹ́ yìí?"

"Kò sí."

"Ta lo máa ń kì nínú orin?"

"Kò sí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, Màámi. Gìtá lásán ni."

"Báwo ni ẹni tó o ṣe é fún á ṣe mọ̀ pé òun lo ṣe é fún?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun náà ni mò ń wá."

Wọ́n máa ń múra orin sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ Máríkè. Mo jókòó tì wọ́n. Orin kan wà tí wọ́n ń ta lójoojúmọ́. Lánàá ó rọra, lónìí ó ń sáré, lọ́la á ti yí ìdí padà. Mo ní, "Èyí tẹ́ ẹ ta lánàá kọ́ nìyí." Wàsíù ní òun náà ni. Mo ní bí mo bá da àdìrẹ lónìí tí mo pè é ní tàná, oníbàárà mi á padà wá bá mi jà. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó kù, inú wọn dùn bíi pé mo yìn wọ́n. Mi ò mọ ohun tó dùn níbẹ̀.

Bí mo bá ní, "Àjàní, ẹbí rán mi sí ẹ," á gbé gìtá. Kì í ṣe pé ó ń yájú. Á tẹ́tí, á ní "Mo ń gbọ́ yín, Màámi," ọwọ́ rẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí okùn. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, èmi ò sì gbọ́ èdè náà.

Sọ́ńdè

Sọ́ńdè kan, lọ́sàn-án gangan, ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti máa ta orin náà fún èrò. Mo tún ró Họ́láńdì mi. Èrò pọ̀, wọ́n jókòó, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo ti lọ síbi tí olórin ti ń kọrin, ẹ̀yin náà ti lọ. Ẹsẹ̀ kì í gbélẹ̀, ẹnu kì í dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí di ojú. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ojú pátápátá, mo rò pé oorun ń kùn ún, àfi bí mo ṣe rí orí rẹ̀ tó ń mì. Kò sẹ́ni tó jó, kò sẹ́ni tó dìde lọ bá olórin. Wọ́n á kàn dédé pàtẹ́wọ́ láàárín orin, kí orin tó parí, wọ́n á tún dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́ tèmi nígbà tó wù mí, ọkùnrin yẹn la ojú.

Wàsíù wá sọ̀rọ̀ nínú máìkì, mo gbọ́ "Làmídì" nínú òyìnbó tó ń sọ. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n ń ta lójoojúmọ́ yẹn. Ó dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dùn, bí mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ó ń gòkè, ó ń gòkè, Máríkè ń sìn ín lẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀, ìlù ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lójijì, ó dúró.

Gbogbo ẹ̀ dúró. Ọwọ́ Wàsíù wà lókè okùn, kò bà á. Mo ní ó fẹ́ mí ni. Kò ta á. Máríkè ń wo ilẹ̀. Onílù gbé igi sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Kò rí báyìí rí nísàlẹ̀ ilé. Bí wọ́n bá ti dé ibẹ̀ nílé, ńṣe ni wọ́n máa ń fò ó, wọ́n á bọ́ sí ìparí. Mo wo ojú ọmọ mi, mo rí i pé ó ti sọ nù. Ó ti gbàgbé orin níwájú gbogbo ayé, orin tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè, kò sì sí ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ láàárín àwọn tí wọ́n di ojú.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, kí lẹ̀ bá ṣe? Mo dìde. Mo fi gbogbo ọ̀fun pè é:

"Àjàní, ọmọ Àlàó. Àjàní, ọmọ aláṣọ tí í tú ìdì aṣọ lójú ọjà. Ọmọ tí mo bí sínú òjò ní Ìtòkú, tí àgbàrá ò gbé lọ. Dúró dáadáa níbẹ̀. Ìyá ẹ ń bẹ lẹ́yìn."

Gbogbo orí yí sí mi. Wàsíù ò yíjú. Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá, àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n parí ẹ̀. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa ò kéré. Obìnrin kan ń nu ojú. Mo jókòó, mo tún gèlè mi ṣe. Mo ní, Alhamdulilahi, mo yọ ọmọ mi nínú ìtìjú.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà

A padà délé, mo se ìrẹsì Ọ̀fàdà, mo fi ata rodo àti irú tí mo mú láti ilé se ọbẹ̀. Òórùn irú gba gbogbo àtẹ̀gùn. Máríkè gòkè wá, ó fọwọ́ jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò dá ọwọ́ dúró. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń lu àyà. Wàsíù ò túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Nígbà tí Máríkè sọ̀kalẹ̀ tán ló tó sọ̀rọ̀.

"Màámi, mi ò gbàgbé orin o."

"Kí lo wá dúró sí?"

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ ni."

"O kọ kí ni síbẹ̀?"

"Pé ká dákẹ́."

Ó lọ mú bébà rẹ̀, ó fi ibẹ̀ hàn mí. Tóótòòtó pọ̀ nísàlẹ̀ àti lókè, àárín wọn ṣófo, àfi àmì kékeré kan. Mo wò ó. Ta ni í jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kọ ohun tí kò sí?

Ó ní, "Fóònù Bàbá nìyẹn. Bó ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ wọn."

Mo ní, "Ṣé kí n máa wò ẹ́ ni? Kí ọmọ wà lórí fóònù, kí bàbá ẹ̀ máa wo ògiri?"

"Mo mọ̀, Màámi. Àánú mi ló ń ṣe yín. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ èémí wọn. Èémí yẹn ni mo ń torí ẹ̀ pè."

Gbogbo ọdún yẹn, èmi rò pé mò ń gbà á sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó bínú sí mi. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó bínú sí bàbá rẹ̀. Ó kó àwo, ó ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, mo sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán mi.

"Bàbá Múrí ní kó o wá ṣàdúà níbi sàréè, tàbí kó o sọ pé o ò wá mọ́."

"Bí mo bá dé ibẹ̀, kí ni màá sọ? Wọn ò ní dáhùn."

"Kò sí òkú tó ń dáhùn, Àjàní."

"Ṣé wọ́n dáhùn nígbà tí wọ́n wà láyé?"

Ó fọ àwo kan náà pẹ́. Mo fẹ́ bá a wí, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́, mi ò mọ èyí tó yẹ. Mo gbá ìrẹsì tó kù jọ, mo dé e.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́

Ibòmíràn tí wọ́n tún ti fẹ́ ta orin náà, ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni, tí wọn ò jọ́sìn nínú ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó gbogbo nǹkan ìsìn jáde, wọ́n ń ta ọtí lẹ́nu ọ̀nà. Èmi Alhaja, mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì nílùú òyìnbó lọ gbọ́ gìtá. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún àwọn ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ báyìí.

Kó tó gorí pèpéle, mo bi Wàsíù, "Bó bá dé ibẹ̀, kí n pè ẹ́ àbí kí n má pè ẹ́?"

Ó ní, "Bó bá ṣe rí lára yín."

Irú ìdáhùn wo nìyẹn? Ara mi ò sọ nǹkan kan fún mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti gbọ́ nípa ti Sọ́ńdè, mo rí wọn tí wọ́n ń wò mí, bóyá wọ́n fẹ́ kí n tún ṣe é.

Orin bẹ̀rẹ̀. Kò jọ ti Sọ́ńdè, ó rọra, ó ń rìn bí ẹni ń wá nǹkan lẹ́bàá ògiri. Ó gòkè. Ó dúró.

Mo fi etí gèlè mi di ẹnu mi. Ó wà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ ju ti Sọ́ńdè lọ. Ẹnì kan húkọ́. Mo wo Wàsíù, ó sì yíjú sí ibi tí mo jókòó, ó ń wò mí, mi ò mọ̀ bóyá ó ń dúró dè mí ni tàbí ó ń bẹ̀ mí kí n má ṣe é. Mo di ẹnu mú. Ó tẹ̀ sí máìkì. Kò sọ òyìnbó. Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn tó fi ń sọ ọ́ lórí fóònù ni.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Ó dúró. Kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ ẹ̀ níbẹ̀ àfi èmi, kò sí ẹni tó dáhùn. Ilé náà ga, ó ṣófo lókè. Níbi tí mo ti ń fetí sílẹ̀ ni mo ti gbọ́ nǹkan kan. Èémí ni. Gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń mí, ilé ńlá yẹn ń mí, ó ń gbà á, ó ń tú u sílẹ̀. Mo ní, Ọlọ́run, ṣé Àjàní náà ń gbọ́ ọ báyìí? Gìtá bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà tó parí, wọn ò pàtẹ́wọ́ kíákíá. Wọ́n dúró ná.

A wọ réluwéè padà. Ó fi orí lé mi léjìká. Bí mo ṣe sọ fún yín, irun funfun wà níbẹ̀.

Ilé

Nígbà tó sìn mí padà dé pápákọ̀ òfuurufú, ó tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó dìde, mo ní, "Àjàní, kí ni kí n sọ fún wọn?" Ó gbé ẹrù mi lé orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tì í. Ó ní, "Ẹ bá mi gbá yàrá mi."

Ọ̀rọ̀ tí mo mú bọ̀ nìyẹn. Mo jẹ́ ẹ fún Bàbá Múrí lọ́jọ́ tí mo dé. Ó ní, "Gbígbá yàrá kì í ṣe ọ̀rọ̀, Ìyá Wàsíù. Ṣé ó dájọ́?"

Mo ní kò dájọ́.

"Ṣé ó ní òun ń bọ̀?"

Mo ní ó ti ń sọ ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́, èyí ni kò sọ rí.

Ó mi orí, ó ní òyìnbó ti kọ́ èmi náà ní àdììtú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí yàrá náà mọ́ lásán, bí àwọn kan ṣe ń tún ibi tí wọn ò gbé mọ́ ṣe. Mo gbá a. Ràfíátù ló ń sùn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá mi, ó ń kùn bó ṣe ń kọ èyí, kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Lánàá, fóònù dún. Wàsíù ni. Ó ní, "Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Mo kí i, ó sì dákẹ́. Ó ti dé orí ahọ́n mi pé, Àjàní, ṣé o ti jẹun? Mo gbé e mì. Mo gbé fóònù wọ yàrá ẹ̀yìn, mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́ kó máa gbọ́ mi bí mo ṣe ń mí. Èmi náà ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tó ń lu aṣọ àdìrẹ ní agboolé kejì ń lù ú lọ, ó dájú pé ó ń gbọ́ ìyẹn náà.

Ó pẹ́. Ó wá ní, "Màámi, ṣé fèrèsé yẹn ṣì máa ń há?"

Mo ní ó ṣì ń há, mo ti ní kí káfíńtà wá wò ó.

Ó ní, "Ẹ má pè é. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."

Bàbá Múrí, ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Mo ti sọ fún káfíńtà kó má wá mọ́.